Wọ̀n Ọ́n Kí O Tó Gé E: Ẹ̀kọ́ Ìrè fún Ọmọ Ògún Tó Ń Ṣe Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu nínú yín, nítorí kì í ṣe lórí òwe, kì í sì í ṣe lórí oríkì. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni, pàápàá jù lọ àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, èyí tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàwòrán, tí ó wọ̀n, tí ó sì gbẹ́, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sáré ju bí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti pinnu lọ. Ẹ má sọ pé kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí á jọ rìn díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni a ó bá parí rẹ̀.

Ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ní àríwá Èkìtì, ni ìlú Ìrè wà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ "Onírè" tí kò ní rántí Ògún. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Ògún ti ojú ogun dé sí Ìrè lọ́jọ́ kan, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ kan tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu, ó bá a lófìfo. Inú bí i, ó yọ idà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tí ó yá ni ó tó mọ ìdí tí wọn kò fi fọhùn. Àbámọ̀ dé bá a, ó sì wọ ilẹ̀ lọ.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìbínú. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó rí i pé ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ni pẹ̀lú. Ògún gé kí ó tó wádìí. Ẹni tí ó bá ń fi irin ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí a bá ti gé dànù kò ṣeé lẹ̀ padà. Olórí irin fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ní Ìrè, ẹ̀kọ́ tí ó ná an ní àwọn ènìyàn rẹ̀: wádìí, wọ̀n ọ́n, kí o tó gé e.

Èrò mi lónìí kò ju èyí lọ: ohun tí ó ń dá àwa ọmọ Ògún dúró láti máa ṣe ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tiwa kì í ṣe àìní iná tàbí àìní owó nìkan. Ìwọ̀n ni, àti èdè tí oníṣẹ́ yóò fi sọ ìwọ̀n náà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún bí mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ mi gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́. Mẹkáníìkì tí a pè sọ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, àti pé a ní láti "fésì" tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ni pé kí wọ́n bá wa họ ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú padà. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà yìí. Bí ó bá gbóná jù, yóò wọ́. A gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ kan. Ọmọkùnrin tí a bá níbẹ̀ fi ojú wò ó, ó mú sáńdípépà, ó fi ha á títí tí ó fi ń dán bí dígí, ó sì gba owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí gásíkẹ́ẹ̀tì tún jó.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n júwe bàbá kan fún mi tí ó ní ẹ̀rọ léètì. Bàbá náà kò fọwọ́ kan sáńdípépà rárá. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan tí ó gún régé, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ojú tọ́ọ̀pù náà, ó sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, wá wò ó." Mo rí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tí ó ń yọ lábẹ́ irin náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi kọ́ o, irin yìí ló mọ̀ ọ́n. Ojú èèyàn a máa parọ́." Nínú ìwé àtúnṣe ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìwọ́ tí wọ́n gbà láàyè lójú tọ́ọ̀pù sílíńdà kò ju 0.05 mm sí 0.10 mm lọ. Bí irun orí ènìyàn kan ṣe nípọn mọ nìyẹn. Ta ni yóò fi ojú lásán rí i?

Bàbá yìí mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ni ó ń pe àyè tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá yẹn, kò rí orúkọ kan pè é. Ó ní, "Òun náà ṣáà ni, bí o ṣe rí i yẹn." Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì dúró tì wá, wọ́n rí i, wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò ní orúkọ, báwo ni a ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn? Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi.

Kí ó tó di pé a lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ irú irin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan alumíníọ̀mù wọn gírámù 2.7, nígbà tí ti irin dúdú tí wọ́n fi ń da ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wọn nǹkan bí gírámù 7.2. Fífúyẹ́ yìí ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ń wá. Ẹ wo písítìnì tí ó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìnì yóò dúró, yóò sì yí padà ní ìgbà 14,000 láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bí ó bá wọn gírámù 400, tí ìrìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 86 mm, agbára tí ó fi ń fa rọ́ọ̀dù nígbà tí ó bá ń yí padà lókè ju ti ẹrù 1,000 kílógírámù lọ. Bí a bá dín gírámù díẹ̀ kù lára rẹ̀, ìnira tó kúrò lórí rọ́ọ̀dù àti kíráńkì kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n irin fúfúyẹ́ yìí ní ìwà tirẹ̀, ìwà náà kò sì jọ ti irin tí àwọn baba wa ń rọ. Alágbẹ̀dẹ wa máa ń fi àwọ̀ mọ ìgbà tí irin gbóná tó: yóò pọ́n, yóò pupa bí osàn, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Alumíníọ̀mù kì í fi àwọ̀ kìlọ̀. Bí ó ti rí nígbà tí ó tutù náà ni yóò rí títí yóò fi dé 660°C, a óò kàn rí i pé ó ti yọ́ lójijì. Ojú tó ti mọ irin fún ogójì ọdún kò lè gba alágbẹ̀dẹ là níbí. Ohun èlò tí ń wọn ooru ni yóò gbà á là.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rírẹ̀ sómi. Bí a bá ju irin gbígbóná sínú omi, yóò le lójú ẹsẹ̀. Bí a bá mú àdàlù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6061 gbóná tó nǹkan bí 530°C, tí a wá rẹ̀ ẹ́ sómi, rírọ̀ ni yóò rọ̀. Àfìgbà tí a bá tún gbé e sínú ààrò tí kò gbóná jù, nǹkan bí 170°C, fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò tó máa le díẹ̀díẹ̀. Ará Jámánì kan, Alfred Wilm, ni ó ṣàdédé rí irú ìwà yìí ní 1906: ó fi àdàlù alumíníọ̀mù kan sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ó padà dé, ó bá a pé ó ti le ju bí ó ti fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, mo ti lo ọ̀rọ̀ "àdàlù" lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yé yín. Àwa tí a ti jẹ àdàlù ẹ̀wà àti àgbàdo kò nílò àlàyé gígùn. Irin tí a da pọ̀ mọ́ òmíràn nínú iná, a dà á lù ni, àdàlù ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlekoko tí alumíníọ̀mù ń ní nínú ààrò. Kí ni a ń sọ nípa àgbàdo tí ó ti kúrò ní tútù tí ó sì ti le? A ní ó ti gbó. Alumíníọ̀mù náà gbọ́dọ̀ gbó. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá sọ èyí fún kò ní yọ ọ́ nínú ààrò ní kíá, nítorí kò sí ẹni tí ń kó àgbàdo tí kò gbó sínú àká.

Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì mìíràn tún wà lára ọ̀rọ̀ yìí tí ó kan ìwọ̀n gan-an. Bí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin dúdú. Písítìnì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 86 mm, bí ooru rẹ̀ bá fi 100°C lé sí i, yóò fẹ̀ ní nǹkan bí 0.2 mm. Sílíńdà irin dúdú tí ó wà nínú rẹ̀, tí ooru rẹ̀ bá lé sí i bákan náà, kò ní fẹ̀ tó 0.1 mm. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n tutù, písítìnì yóò há nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà. Bí àyè náà bá sì pọ̀ jù, písítìnì yóò máa lu ògiri sílíńdà, òróró yóò sì máa jò wọlé. Irú àdàlù tí a lò tún yí i padà: àdàlù 4032, tí sílíkọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 12 nínú 100, kì í fẹ̀ púpọ̀, àdàlù 2618, tí sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó 1 nínú 100, ní agbára láti fara da ìjìyà eré ìje jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ̀ jù ú lọ, àyè tí a ó fi sílẹ̀ fún un sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti 4032. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da písítìnì láti inú àjákù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò lè mọ àyè tí yóò fi sílẹ̀. Bí ẹni tí ń ta ayò lókùnkùn ló rí.

Ǹjẹ́ àwa kò wá mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí ni? A mọ̀ ọ́n o. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe písítìnì ní gbogbo ayé: wọ́n lè dà á, wọ́n lè rọ ọ́, wọ́n sì lè gbẹ́ ẹ láti inú ògidì alumíníọ̀mù. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ kan tó dé ilẹ̀ yìí: idẹ ni à ń dà, irin ni à ń rọ, igi ni à ń gbẹ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 fi hàn pé àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi ìda ṣe àwòrán, bí a ti ń fi amọ̀ bò ó, bí a ti ń yọ́ ìda náà dànù kí a tó da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ni amọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bí, nítorí a gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kí á tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Títí di òní, ìlú Ṣakí lókìkí nípa dída ìkòkò alumíníọ̀mù láti inú àjákù.

Síbẹ̀, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tan yín jẹ. Àwọn kan máa ń fẹ́ láti sọ pé nígbà tí a ti da orí Ifẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò lè ṣòro fún wa. Èmi kò gbà. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ètí rẹ̀ fi mìlímítà méjì nípọn ju òdìkejì rẹ̀ lọ yóò se ọbẹ̀ dáadáa. Písítìnì tí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà tóbi jù yóò pa ẹ́ńjìnnì, ó sì lè pa ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ìgbéraga nípa àtijọ́ kò lè dípò kálípà. Ṣùgbọ́n èmi kò tún gba ti àwọn tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, pé kò sí ohun tí ó kan àwa. Ọwọ́ wà, iná wà, irin wà. Ìwọ̀n ni ó kù.

Ní ibòmíràn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí. Nígbà tí àwọn ará Wright fẹ́ fò ní Amẹ́ríkà ní 1903, wọn kò rí ilé-iṣẹ́ kan tí yóò ṣe ẹ́ńjìnnì fúfúyẹ́ fún wọn. Charlie Taylor, ẹni tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ni ó ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Ibi ìda-irin kan nínú ìlú wọn ni ó bá wọn da ara ẹ́ńjìnnì náà, àdàlù alumíníọ̀mù tí bàbà inú rẹ̀ tó 8 nínú 100. Léètì, ẹ̀rọ ìlu-ihò àti ohun èlò ọwọ́ ni Taylor ní. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sórí àjákù ìwé, ó sì fi wọ́n há òkè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àjákù ìwé yẹn: ìwọ̀n wà lára rẹ̀.

Burt Munro náà wà ní New Zealand, ẹni tí ó ra alùpùpù Indian kan tí wọ́n ṣe ní 1920, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Fúnra rẹ̀ ni ó ń da písítìnì. Ó tó ẹni ọdún 68 ní 1967 nígbà tí ó fi alùpùpù náà sá eré tó ju 183 máìlì ní wákàtí kan lọ ní Bonneville ní Amẹ́ríkà, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ eré fún irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lórí pẹpẹ kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ó to àwọn písítìnì àti rọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ sí, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbọ ni wọ́n fún òrìṣà eré sísá. Ẹ kò rí i pé Ògún ní ọmọ lẹ́yìn odi? Ṣùgbọ́n Munro kò da ẹbọ rẹ̀ nù. Ó fi wọ́n pamọ́ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa yìí ńkọ́? Ní 1997, Ezekiel Izuogu gbé ọkọ̀ kan tí ó pè ní Z-600 jáde ní Owerri, ọkọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìjọba ṣèlérí owó, owó náà kò dé. Ní 2006, àwọn ọlọ́ṣà ya wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó àwọn ohun tí ó fi ń da ẹ́ńjìnnì àti ìwé àwòrán rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà parí síbẹ̀. Gbogbo ayé ń dá ìjọba àti olè lẹ́bi, wọ́n sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé ìmọ̀ náà wà ní ibì kan ṣoṣo, tí òru ọjọ́ kan fi tó láti gbé e lọ. Ìmọ̀ tí ó bá wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, lédè tí gbogbo wọn gbọ́, olè wo ló lè rù ú?

Àwọn ará Gánà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 1972, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi dá ibùdó kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé ìmọ̀ yunifásítì lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 1980, ibùdó náà ṣí ibi iṣẹ́ kan sí àárín Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì tí ó lókìkí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọn kò dúró sínú ọgbà yunifásítì kí wọ́n máa retí kí mẹkáníìkì wá bá wọn. Wọ́n gbé léètì lọ sí ibi tí òróró dúdú wà nílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ bí a ti ń lò ó.

Èyí ni ó mú mi padà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán písítìnì, ó sì lè ṣírò bí yóò ti fẹ̀ tó nínú iná. Lẹ́bàá ọ̀nà kan náà ni mẹkáníìkì àti oní-léètì wà, tí ọwọ́ wọn mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì fọwọ́ kàn rí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ lọ́jà àti nínú ilé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ nìkan ni wọ́n di àjèjì síra wọn: ọ̀kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, èkejì ń sọ pé "òun náà ṣáà ni".

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi nǹkan kan hàn wá ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá lè wọ inú Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ló dé tí kò lè wọ̀ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ tó ti tó ogún ọdún?

N kò sọ pé kí á jókòó máa ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo nǹkan. Písítìnì ti di tiwa, bẹ́ẹ̀ ni sílíńdà, rọ́ọ̀dù, gásíkẹ́ẹ̀tì àti léètì. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ wọ́n di Yorùbá kí ọ̀mọ̀wé kankan tó dá sí i. Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àléébù wà ni orúkọ ìṣe àti orúkọ ìwọ̀n. Àyè tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàárín písítìnì àti sílíńdà, ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní àlàfo. Ìwọ̀n àṣìṣe tí a lè gbà láàyè, tí ohun tí a gbẹ́ yóò ṣì dára, ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìfàyègbà. Bí oní-léètì bá lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.08, ìfàyègbà rẹ̀ kò ju 0.01 lọ," ọmọ náà yóò mọ ìgbà tí òun ṣe é dáadáa àti ìgbà tí òun kùnà, kódà bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí. Yóò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ tí ń kú pẹ̀lú ọ̀gá àti iṣẹ́ tí ń dàgbà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, "Ọ̀nà wo ni a ní ní Èkìtì tí a fẹ́ fi ọkọ̀ eré ìje sá lórí rẹ̀?" Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bá ń já sí kòtò láti Ìfàkì títí dé Ọ̀yẹ́ kò nílò ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 7,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ni mò ń wá. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni ọ̀gá tó le jù lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ ìwọ̀n, nítorí kì í dárí jini. Ọwọ́ tí ó bá ti lè gbẹ́ písítìnì tí kò há, ọwọ́ náà ni yóò gbẹ́ ẹ̀yà ẹ̀rọ ìlọ-gaàrí tí kò ní tètè jẹ, òun ni yóò ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ omi tí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ń retí láti òkè òkun, òun náà ni yóò sì họ tọ́ọ̀pù sílíńdà mi kí gásíkẹ́ẹ̀tì má tún jó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn mìíràn yóò ní Gẹ̀ẹ́sì tó fún gbogbo rẹ̀. Ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ṣé ó tó fún ọmọ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta lọ kọ́ṣẹ́? Ọmọ yẹn ni yóò mú irin dání. Bí ìwọ̀n kò bá yé e, gbogbo ìṣirò ọ̀mọ̀wé di asán lẹ́nu ọ̀bẹ léètì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tàbí oní-léètì tó súnmọ́ yín. Ẹ kí wọn bí ó ti yẹ kí á kí àgbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń lò sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì kọ ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣe tí wọn kò ní orúkọ fún. Ibi àkọsílẹ̀ kejì yẹn ni iṣẹ́ àwa olólùfẹ́ èdè wà.

Ògún gé kí ó tó béèrè ní Ìrè, ó sì kábàámọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni a ti fi ń sọ ìtàn náà, tí a ń pa ajá, tí a sì ń ta ẹmu sílẹ̀. Bóyá ohun tí Onírè ń fẹ́ lọ́wọ́ àwa ọmọ rẹ̀ ní àsìkò tiwa ni pé kí á fi kálípà lé e, kí á pe ìwọ̀n náà lórúkọ, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á tó tan ẹ̀rọ.

Ó dìgbà kan ná. Ògún á gbè wá o.